Ẹ Jẹ́ Ká Jókòó Ti Àwọn Ọmọ Wa Nídìí Fóònù: Ìpè sí Gbogbo Ọmọ Ìkálẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ Ìkálẹ̀ nílé lóko àti lẹ́yìn odi, ẹ̀yin ìyá àti bàbá ní Òkìtìpupa, Ìkọ̀yà, Ìgbotako, Ìlútitun, Òde-Aye àti Ìjù-Odò, títí dé Òde-Ìrèlè, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi dìde, kò sì ṣe é fi falẹ̀. Àwọn ọmọ wa ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A kò fi ọwọ́ fà wọ́n débẹ̀, wọ́n fúnra wọn ti mọ̀nà. Ohun tó kù ni pé kí àgbà lọ jókòó tì wọ́n.

Ẹ wo bó ṣe ń lọ nínú ilé. Ìyá ń ṣù púpurú nídìí ààrò, èéfín ń rú, ọmọ ọdún mẹ́rin ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá na fóònù sí i, ẹkún dá. Ta ló máa dá ìyá náà lẹ́bi? Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn ni owó ilé ìwé. Àmọ́ fídíò tí ọmọ ń wò parí, òmíràn wọlé fúnra rẹ̀, òmíràn tún tẹ̀ lé e. Nígbà tó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, orin ABD ti lọ, ìjà ló kù lójú fóònù, tàbí ìpolówó tẹ́tẹ́, tàbí ohun tí àgbà kò gbọdọ̀ wò lójú ọmọdé. Ọmọ kò wá a lọ. Ẹ̀rọ ló gbé e wá bá a, nítorí pé orúkọ ìyá ló wà lórí fóònù, ẹ̀rọ sì rò pé ìyá ló ń wò ó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì ń ṣe gẹ́ẹ̀mù tó ní ibi tí àwọn tó ń ta á ti lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹnì kan tí kò mọ̀ rí kí i. Onítọ̀hún yìn ín, ó ṣèlérí dátà ọ̀fẹ́, ó bi í ní ilé ìwé rẹ̀, ó ní kó fi fọ́tò ránṣẹ́. Ó wá ní, “Má sọ fún màmá ẹ o.” Ibi tí wọ́n bá ti dé “má sọ fún màmá ẹ,” ewu ti wọlé. Ọmọ tí a kò kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ yìí kò ní mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan á ní kí a kúkú gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo ọmọ, kí á tì í mọ́ àpótí. Ìfẹ́ ọmọ ló ń mú wọn sọ bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2015 ni ìdánwò JAMB, tí ọmọ fi ń wọ yunifásítì, ti di ti kọ̀ǹpútà pátápátá. Ọmọ tí a bá fi kọ̀ǹpútà pamọ́ fún yóò pàdé rẹ̀ níbi tí aago ti ń ka ìṣẹ́jú lé e lórí. Ẹ sì rántí oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti gbogbo ilé ìwé Nàìjíríà pa. Ọmọ tó rí ẹ̀kọ́ gbà lórí fóònù tàbí rédíò ń bá ẹ̀kọ́ lọ. Ọmọ tí kò rí ọ̀kankan gbàgbé èyí tó ti mọ̀. A kò lè tìtorí ewu ojú ọ̀nà sọ pé ọmọ kò gbọdọ̀ lọ sí ilé ìwé. Ńṣe la máa ń dì í lọ́wọ́ mú sọdá títì. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún náà nìyẹn.

Ohun rere wà níbẹ̀ fún wọn, ó sì dùn bí eré. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan. Scratch lorúkọ rẹ̀. Yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde lọ́dún 2007, ọ̀fẹ́ sì ni. Ológbò kan dúró lójú kọ̀ǹpútà. Àṣẹ tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní oríṣiríṣi àwọ̀: èyí fún ìrìn, èyí fún ọ̀rọ̀ sísọ, èyí fún ìró. Ọmọ á fa àṣẹ kan, á so ó mọ́ òmíràn, á tẹ àsíá aláwọ̀ ewé, ológbò á rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Á yí mẹ́wàá sí ọgọ́rùn-ún, ológbò á fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ létí ojú kọ̀ǹpútà. Á wá àṣẹ tó ń dá a padà bó bá kan etí, á fi kún un. Kò tíì pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọmọ náà ti ń to èrò sí ipò bí onímọ̀ ẹ̀rọ, òun sì rò pé eré lásán lòun ń ṣe. Bó bá wá yọ ológbò kúrò, tó ya Ìjàpá sípò rẹ̀, tó gba ohùn ìyá ìyá rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń pa àlọ́ ní ohùn Ìkálẹ̀, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fíìmù nìyẹn. ScratchJr wà fún àwọn kéékèèké, ọmọ ọdún márùn-ún sí méje, tí kò tíì lè kàwé dáadáa.

Ẹ tún wo PhET, eré sáyẹ́ǹsì ojú ẹ̀rọ. Carl Wieman, tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì lọ́dún 2001, ló dá a sílẹ̀ ní yunifásítì Colorado lọ́dún 2002. Ọmọ á mú bátìrì kan, wáyà méjì àti gílóòbù kan lójú ẹ̀rọ, á so wọ́n pọ̀, gílóòbù á tàn. Á fi bátìrì kejì kún un, iná á mọ́lẹ̀ sí i. Bó bá ṣi wáyà so, iná á sọ lójú ẹ̀rọ, kò sì ní jó ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Mélòó nínú àwọn ilé ìwé wa ló ní yàrá sáyẹ́ǹsì tí ọmọ ti lè ṣe àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kó sì rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú rẹ̀?

Áàpù ẹ̀kọ́ Khan Academy Kids wà fún ọmọ ọdún méjì sí mẹ́jọ, láìgba kọ́bọ̀, láìsí ìpolówó kankan. African Storybook àti StoryWeaver ní ìwé ìtàn aláwòrán, èdè Yorùbá wà lára àwọn èdè tí wọ́n fi kọ wọ́n. Nigeria Learning Passport, tí UNICEF, Microsoft àti ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ gbé kalẹ̀ lọ́dún 2022, wà fún ẹ̀kọ́ inú yàrá ìkàwé wa gan-an.

Mo mọ ìbéèrè tó wà lẹ́nu yín: iná dà, owó dátà dà? Ẹni tó bá gbé gúúsù Ìpínlẹ̀ Òǹdó tiwa yìí mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọdún la fi ń wo wáyà lórí òpó tí kò sí iná nínú rẹ̀. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ilé ni kò lè ra epo sí jẹnẹrétọ̀ nítorí àtigba iná sí fóònù ọmọ. Ìdí gan-an nìyí tí mo fi ń pè yín jọ dípò kí n máa pe ilé kọ̀ọ̀kan. Ohun tí apá ilé kan kò ká, àdúgbò lè gbé e.

Ẹ jẹ́ kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní Wákàtí Àwọn Ọmọ, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní ọ̀sán Sátidé. Kíláàsì ilé ìwé lè gbà á, gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, ọgbà mọ́ṣáláṣí tàbí àgbàlá ọba. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan àti fóònù díẹ̀ ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan tó bá lọ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára yóò ti dáńlóòdù gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Scratch máa ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn eré PhET ṣe é gbà sílẹ̀. Khan Academy Kids ní ìwé àti eré tí ọmọ lè lò láìtan dátà. Kolibri tilẹ̀ wà, tí wọ́n dìídì ṣe fún irú ibi tiwa yìí: bí ẹ bá ti kó ẹ̀kọ́ sínú kọ̀ǹpútà kan, àwọn ọmọ tó wà nínú yàrá lè fi fóònù so mọ́ ọn, kí wọ́n máa kẹ́kọ̀ọ́ láìná kọ́bọ̀ sí dátà. Níbi tí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí ọmọ ń ṣeré, àjèjì kò lè wọlé bá a sọ̀rọ̀. Owó dátà tí a kò ná di ààbò fún ọmọ.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìka ọmọ yá lórí fóònù ju tiwa lọ, àwa la mọ ayé àti èèyàn inú rẹ̀. Nítorí náà, àgbà méjì ó kéré tán gbọdọ̀ wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, àwọn tí ìdílé àdúgbò mọ̀ dáadáa, ilẹ̀kùn sì gbọdọ̀ wà ní ṣíṣí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya fọ́tò ọmọ gbé sórí ìkànnì láìgba àṣẹ òbí.

Nínú ilé, ẹ fi ọwọ́ mú nǹkan mélòó kan. Ọmọ kì í gbé fóònù wọ yàrá. Pálọ̀ tàbí ìta gbangba ni kó ti lò ó, kí ojú àgbà lè tó o. Ẹ lọ sí ibi ètò YouTube, kí ẹ pa èyí tó ń gbé fídíò tẹ̀lé fídíò, tàbí kí ẹ lo YouTube Kids. Fóònù Android ní ibi tí ẹ ti lè ti ọmọ mọ́ áàpù kan ṣoṣo, tí kò ní lè jáde níbẹ̀ láìsí pasiwọ́ọ̀dù yín. Ẹ pa ibi ìfọ̀rọ̀wérọ̀ inú gẹ́ẹ̀mù. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 kò gbọdọ̀ ní Facebook, Instagram tàbí TikTok. Òfin àwọn iléeṣẹ́ náà fúnra wọn nìyẹn, àwa òbí la ń bá ọmọ purọ́ ọjọ́ orí. Fún ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2019 pé kó má ju wákàtí kan lọ lójúmọ́ níwájú ẹ̀rọ, àti pé bó bá ṣe kéré sí i ló dára jù. Ẹ sì jẹ́ kí á ṣíwọ́ gbígbé fọ́tò ọmọ tó wọ yunifọ́ọ̀mù tí orúkọ ilé ìwé hàn lára rẹ̀ sí gbangba.

Èyí tó ju gbogbo rẹ̀ lọ: ọmọ gbọdọ̀ mọ̀ pé bí òun bá sọ, a kò ní na òun. Ẹgba ló ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ lẹ́nu mọ́. Bí ọmọ bá sọ pé ẹnì kan béèrè fọ́tò ìhòòhò lọ́wọ́ òun, ẹ dì í mọ́ra, ẹ dúpẹ́ pé ó sọ. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ inú fóònù náà rẹ́, ẹ̀rí ni. Ẹ má fún onítọ̀hún lówó. Ẹ pe NAPTIP, àjọ tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, lórí 627, kí ẹ sì lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti ọdún 2015 sọ pé ẹ̀wọ̀n ń bẹ fún ẹni tó bá ń tipa íntánẹ́ẹ̀tì tan ọmọdé. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti wà fún Nàìjíríà láti ọdún 2003. A kò bẹ ẹnikẹ́ni kí ó tó dáàbò bo ọmọ wa. Ẹ̀tọ́ ọmọ ni.

Báyìí, kí ni ìpín oníkálukú?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Olúṣẹ́gun Agagu ní Òkìtìpupa, iwájú ilé yín ni iṣẹ́ yìí wà. Olùkọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ àti àpáta ni Agagu tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ìwé yín, ọmọ Ìjù-Odò, kó tó di gómìnà Ìpínlẹ̀ Òǹdó. Ẹ fún wa ní Sátidé kan lóṣù; ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín wá, ẹ kọ́ tíṣà àdúgbò bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ẹ̀yin agùnbánirọ̀ tí wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ wa, ẹ fi èyí ṣe iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tí ẹ̀ ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ jẹ́ kí ìpàdé òbí tó ń bọ̀ dá lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹ fi ọwọ́ yín pa fídíò atẹ̀lé-ara-wọn lórí fóònù òbí kọ̀ọ̀kan kó tó kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti lẹ́mọ̀ọ̀mù, ẹ yọ̀ǹda gbọ̀ngàn àti jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí kan péré. Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa àti Ìrèlè, pánẹ́ẹ̀lì sólà kan ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan kò pọ̀ jù láti béèrè lọ́wọ́ yín, a ó sì máa béèrè títí ẹ ó fi ṣe é. Kábíyèsí gbogbo, Abodi, Jẹgun, Rẹbuja àti ẹ̀yin orí adé yòókù, bí ẹ bá fi ẹnu yín pè é, ìlú á jẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Èkó, Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, kọ̀ǹpútà tí ẹ ti pa tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lè kọ́ ogún ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ níbí. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ yín. Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Àlọ́ yín la fẹ́ gbà sílẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló kún íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ohùn Ìkálẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, ẹ̀bi wa ni.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ má dúró de ìjọba, ẹ má dúró de ọjọ́ tí iná máa pé. Sátidé tó ń bọ̀ yìí, ní agogo mẹ́rin, kí àgbà méjì ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan pe ọmọ mẹ́wàá jọ, kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kan sí àárín wọn, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀.