Sáfà Kan Àbí Mẹ́ta? Ohun Tí Àṣìṣe JAMB Fi Han Àwọn Oníṣòwò Ìlọrin

Lọ́jọ́ 14, oṣù karùn-ún, ọdún 2025, ọ̀gá àgbà àjọ JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, bú sẹ́kún níwájú àwọn oníròyìn nílùú Àbújá. Ọ̀rọ̀ náà ká ọ̀pọ̀ èèyàn lára ní Ìlọrin, torí kì í ṣe àjèjì síbí. Òun ni gíwá Yunifásítì Ìlọrin láàárín ọdún 2007 sí 2012.

Ẹkún yẹn ni gbogbo ayé ń rántí. Ohun tó fà á gan-an kò fi bẹ́ẹ̀ yé ọ̀pọ̀ èèyàn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó kan ẹnikẹ́ni tó bá ń fi kọ̀ǹpútà ṣòwò, láti Ọjà Ọba títí dé Tánkẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ni JAMB ní kí wọ́n wá tún ìdánwò ṣe: 206,610 ní ibùdó 65 l'Ékòó, àti 173,387 ní ibùdó 92 ní ilẹ̀ Ìgbò. Kì í ṣe pé iná lọ, kì í sì í ṣe pé sáfà jóná, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ tó sì ń dá àwọn yòókù lóhùn. Àwọn sáfà ń ṣiṣẹ́ tiwọn. Ọ̀wọ́ méjì ni wọ́n pín wọn sí, wọ́n pe ọ̀kan ní KAD, wọ́n pe èkejì ní LAG. Lọ́dún náà, JAMB yí bí wọ́n ṣe ń to ìbéèrè àti bí wọ́n ṣe ń máàkì ìdáhùn padà, èyí tó túmọ̀ sí pé gbogbo sáfà gbọ́dọ̀ gba àtúnṣe tuntun. KAD gbà á. LAG, tó ń sin Èkó àti ilẹ̀ Ìgbò, kò gbà á, torí àwọn tó ń bójú tó o fò ó dá. Ni LAG bá ń fi òfin àtijọ́ máàkì ìdáhùn tuntun. Kò sẹ́ni tó rí i títí èsì fi jáde.

Ní Ìlọrin báyìí, ilé ìtajà oògùn, ilé ìwé aládàáni, ọsibítù àti báńkì kéékèèké tó ń yá ọlọ́jà lówó ti ń fi sọ́fítíwíà ṣe ìṣirò. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀ máa gbọ́ ìbéèrè kan lẹ́nu ẹni tó ń tà á: ṣé sáfà kan ṣoṣo ni, àbí ọ̀wọ́ sáfà tó so pọ̀? Ọ̀pọ̀ olùtajà á fẹ́ kí oníbàárà mú ọ̀wọ́, torí ibẹ̀ ni owó wà.

Sáfà kan kò le láti lóye. Ẹ̀rọ kan nínú yàrá ẹ̀yìn, gbogbo ìwé ọjà wà nínú rẹ̀. Bó bá kú, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Ti ọ̀wọ́, ẹ̀rọ bíi mẹ́ta ló so ọwọ́ pọ̀. Bí ọ̀kan bá ṣubú, àwọn méjì tó kù á máa bá iṣẹ́ lọ, oníbàárà lè má tiẹ̀ mọ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́ta, tí kì í ṣe méjì? Bí wáyà tó so ẹ̀rọ méjì pọ̀ bá já, kálukú á rò pé èkejì ti kú, àwọn méjèèjì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àpò sìmẹ́ńtì tó ṣẹ́ kù ní ilé ìkẹ́rù, wọ́n á tà á fún èèyàn méjì. Bí wáyà bá padà dé, ìwé méjèèjì kò ní bára mu mọ́. Àgbò méjì kì í kúkú mumi nínú koto kan. Ẹ̀rọ kẹta ló máa ń yanjú ìjà, torí ibi tí méjì bá fohùn sí ni òótọ́ wà. Ẹni tó bá ta méjì péré, tí kò sí ohun tó máa ṣe onílàjà láàárín wọn, ó ta wàhálà.

Owó rẹ̀ wá ńkọ́? Sáfà mẹ́ta fẹ́ iná mẹ́ta, pẹ̀lú ìlú tí ìgbà tí iná IBEDC máa lọ kò dájú. Ẹlòmíì á sì kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú yàrá kan, lórí ínfátà kan. Mànàmáná ẹ̀ẹ̀kan ló máa pa wọ́n, olè ẹ̀ẹ̀kan ló máa kó wọn.

Nǹkan mìíràn tún wà tí àwọn olùtajà kì í sábà là mọ́lẹ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ṣèèṣì pa orúkọ àwọn onígbèsè rẹ́, láàárín ìṣẹ́jú àáyá ló máa pa rẹ́ lórí sáfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí ohun tí ọ̀kan ṣe ni gbogbo wọn ń ṣe. Ẹ̀dà tí wọ́n yọ sọ́tọ̀ lálaalẹ́, tí wọ́n gbé kúrò nínú ilé náà, òun ló lè gbani níbẹ̀. Kí wọ́n sì máa dán ẹ̀dà ọ̀hún wò lóṣooṣù, bóyá ó ṣì ń ṣí.

Àwọn kan ní kí oníṣòwò kúkú gbé gbogbo rẹ̀ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dáa, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, wàhálà rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ báńkì àti iléeṣẹ́ tẹlifóònù ní Nàìjíríà. Ṣọ́ọ̀bù tí sáfà rẹ̀ wà nínú ilé kò nílò wáyà òkun kó tó kọ rìsíìtì.

Òótọ́ ni pé JAMB kò lè lo sáfà kan. Ìwé èèyàn 1,955,069 ni wọ́n ní èsì fún lọ́dún náà. Pínpín tí wọ́n pín in tiẹ̀ dín ìpalára kù, torí àwọn tó wà lábẹ́ KAD kò fara gbá. Ṣùgbọ́n pínpín yẹn náà ló bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ká ní ibì kan ni gbogbo rẹ̀ wà ni, tí máàkì gbogbo ìlú sì dàrú lọ́jọ́ kan náà, ariwo á ti ta kí èsì tó jáde. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ẹni tó máa fi KAD wé LAG, kó bi í bóyá nǹkan kan náà ló wà lórí méjèèjì.

Nítorí náà, ilé ìtajà oògùn kan ní Táíwò, tó lè fi bébà kọ ọjà fún wákàtí méjì bí ẹ̀rọ bá kú, sáfà kan tó. Kó fi owó tó kù ra ẹ̀rọ àpapamọ́ kan, kó sì máa tọ́jú ẹ̀dà. Ọsibítù tó ń gba aláìsàn lóru, tàbí báńkì tó ní ẹ̀ka márùn-ún, ọ̀wọ́ tọ́ sí i, bí ó bá lè san owó oṣù ẹni tó máa ṣọ́ ọ. Kí wọ́n bi olùtajà léèrè: ta ló máa fi àtúnṣe sórí gbogbo sáfà, báwo la ṣe máa mọ̀ pé kò fo ọ̀kan, ta ló sì máa wá sí Ìlọrin bí ó bá bàjẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé? Bí ó bá ní àwọn á máa bójú tó o láti Èkó, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn kí wọ́n tó san kọ́bọ̀.