Kì í Ṣe Gbogbo Ìmọ̀ràn Ìlera Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Ni Ó Yẹ Kí Á Gbà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la lè má rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Bí ọ̀rọ̀ ìlera ti rí gan-an nìyí. Ní ayé òde òní, bí ibà bá ń ṣe ènìyàn, fóònù ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ gbé láti wá oògùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ láìmọ ẹni tí ó kọ ọ́ àti ìgbà tí ó kọ ọ́.

Èkíní, ìmọ̀ràn tí ó dára lánàá lè má wúlò mọ́ lónìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, chloroquine ni a fi ń wo ibà ní Nàìjíríà. Nígbà tí ó yá, kòkòrò tí ó ń fa ibà bẹ̀rẹ̀ sí í borí oògùn náà. Ní ọdún 2005, ìjọba fi àwọn oògùn alápapọ̀ tí artemisinin wà nínú wọn rọ́pò rẹ̀. Bí ìyá kan bá ka ohun tí a kọ ṣáájú ìgbà náà, tí kò sì wo déètì rẹ̀, oògùn tí ó lè má ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ni yóò fún un, àìsàn náà yóò sì máa le sí i.

Èkejì, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí ń tàn kálẹ̀ ni kò ní ẹni tí a lè bi. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola ń dẹ́rù ba gbogbo wa, ìròyìn kan gba orí fóònù káàkiri pé kí á fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí á sì mu ún. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn kan ti mu ún, ó sì ṣe wọ́n ní jàǹbá.

Àwọn kan lè sọ pé ilé ìwòsàn jìnnà, àti pé owó dókítà wọ́n. Òótọ́ ni. N kò sọ pé kí á má ka íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí á wo orúkọ òǹkọ̀wé, kí á wo déètì, kí á sì wò ó bóyá ọjà ni ó fẹ́ tà fún wa. Lẹ́yìn náà, kí á bi nọ́ọ̀sì tàbí apòògùn kí á tó gbé ohunkóhun mì.

Ní ìparí, ìlera ni ọrọ̀. Abèèrè kì í ṣìnà.