Ọpọlọ Wo ni Kọ̀ǹpútà Ní?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo ti kọ́ rí ní Ajégúnlẹ̀ ra àlòkù kọ̀ǹpútà kí ó lè máa fi gbá bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ. Ẹni tí ó tà á fún un fi dá a lójú pé ọpọlọ rẹ̀ pé. Kò purọ́: Core i5-4590 ti ọdún 2014 ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, ńṣe ni àwọn agbábọ́ọ̀lù ń wọ́ bí ìgbín. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi béèrè káàdì àwòrán. Ó ní òun kò ní fọ́tò tí òun fẹ́ kó pamọ́ sínú rẹ̀. Owó tí ó fi oṣù méje tù jọ ni ó bá a lọ.

Àwa tí a ń sọ nǹkan lórúkọ ni mo di ẹ̀bi yìí rù. Lójú Yorùbá, ọpọlọ ni ó ń ronú, òun náà ni ó ń rántí, òun ni ó sì ń darí gbogbo ara. Ẹni tí ó bá gbọ́ ‘ọpọlọ’ yóò gbà pé bí ó bá ti dára, ó tán. Bẹ́ẹ̀ ni ibi ìrántí kọ̀ǹpútà wà lọ́tọ̀, iṣẹ́ àwòrán sì tún lọ́tọ̀. (‘Ayárabíàṣá’ pàápàá, bí ó ti dùn létí tó, oríkì ni; kò sọ iṣẹ́ kankan.)

Ẹ jẹ́ kí a wo èbúté Àpápá. Awakọ̀ kéréènì kan a máa gbé kọ̀ǹténà kan lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ọgbọ́n. Bí ó bá ṣe pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpò ìrẹsì ni a fẹ́ kó, ọ̀pọ̀ alábàárù ni a nílò, kì í ṣe ọlọ́gbọ́n kan. Àwòrán eré rí bẹ́ẹ̀. Ojú ẹ̀rọ tí ó jẹ́ 1920 lọ́nà 1080 ní àmì àwọ̀ wẹ́wẹ́ 2,073,600, a sì lè máa tún gbogbo wọn yà ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Core i5 yẹn ní òṣìṣẹ́ 4. Káàdì GTX 1650 ti ọdún 2019 ní 896, tí olúkúlùkù wọn kò gbọ́n púpọ̀.

Nítorí náà, mo dábàá ‘amúàṣẹṣẹ’ fún ti àkọ́kọ́, nítorí pé àṣẹ tí a kọ fún un ni ó ń mú ṣẹ, àti ‘ayàwòrán’ fún èkejì. Àwọn kan yóò ní ènìyàn ni ayàwòrán. Agogo ṣáájú aago ọwọ́ dé ilẹ̀ wa, kò sì sí ẹni tí ó ń lu tọrùn ọwọ́ rẹ̀.

Ẹni tí ó ń ra ẹ̀rọ eré yóò wá mọ̀ pé ayàwòrán ni kí òun kọ́kọ́ náwó lé, kí amúàṣẹṣẹ sì tó láti bá a rìn. Yóò béèrè iná pẹ̀lú: wáàtì 75 ni GTX 1650 ń jẹ, RTX 3060 ń jẹ 170, àpótí iná inú ọ̀pọ̀ àlòkù kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kò sì lè gbé èyí.

‘Ayàwòrán’ ni ọmọ náà ń pè é báyìí, ó sì ti ń tu owó mìíràn jọ. ‘Amúàṣẹṣẹ’ ni kò tíì dá èmi gan-an lójú. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó sàn jù, kí ó fi ránṣẹ́.