Ta Ló Ní Kó Lọ Sọ Pé Òun Jẹ̀bi?

Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Mo mọ̀ pé inú máa bí àwọn kan, pàápàá àwa pásítọ̀. Kó bí wa.

Mo ń ka ohun táwọn èèyàn ń kọ sábẹ́ ìròyìn ọmọbìnrin kan tí wọ́n mú nílùú Ọba pẹ̀lú ìwé ayédèrú. Ó ní wọ́n kó òun lọ ṣòwò ni. Ìdáhùn wọn rèé: "Ọ̀daràn ni, ọ̀daràn ni." "Ṣé wọ́n dè é lókùn ni?" "Kí ló dé tí kò pariwo?" Àwọn tó ń kọ ọ́ kì í ṣe kèfèrí o. Ẹnì kan wà nínú wọn tó wọ aṣọ akọrin nínú fọ́tò rẹ̀.

Ó dáa. Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Deuteronomi orí 22. Òfin Mósè tí gbogbo wa ń pè ní òfin líle ní bí ọkùnrin bá ká ọmọbìnrin mọ́ inú pápá, tó fipá bá a lò, ọkùnrin yẹn nìkan ni ikú tọ́ sí. Kí wọ́n má fọwọ́ kan ọmọbìnrin náà. Ìdí ni pé ó ké, kò sì sí ẹni tó máa gbà á. Ẹni tó mọ Bíbélì á ní, "Pásítọ̀, ẹ ka ẹsẹ tó ṣáájú, ẹni tó wà nínú ìlú tí kò ké ńkọ́?" Mo ti kà á. Ìbéèrè mi ni pé, níbo ni ìlú, níbo ni pápá? Ọmọ ogún ọdún tí wọ́n gé irun àti èékánná rẹ̀ lọ sójúbọ kó tó kúrò nílé, tí màdáámù gba páàsì lọ́wọ́ rẹ̀ ní kété tó dé, tí wọ́n ka gbèsè sí i lọ́rùn tí kò lè san tán láyé, inú pápá ló wà, bí àgọ́ ọlọ́pàá tiẹ̀ wà ní òdìkejì títì. Lọ́dún 2018, Ọba Ewuare Kejì ti Bìní fúnra rẹ̀ jáde wá tú irú ìbúra yẹn kúrò lọ́rùn àwọn tí wọ́n fi dè. Tó bá jẹ́ eré ni, ṣé Ọba á dá sí i?

Àwọn òyìnbó tí kò mọ ojúbọ pàápàá ti fi í sófin. Modern Slavery Act ti 2015 ni England àti Wales ń lò, abala 45 ló wà. Bí wọ́n bá fipá mú àgbàlagbà dá ẹ̀ṣẹ̀, tó jẹ́ oko ẹrú tàbí ìlòkulò náà ló mú ipá ọ̀hún wá, tí ẹlòmíì tó ní làákàyè kò ní rí ọ̀nà mìíràn gbà tó bá wà nípò rẹ̀, kò jẹ̀bi. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò tiẹ̀ ní láti sọ pé wọ́n fipá mú òun. Ó tó pé kíkó tí wọ́n kó o ló fa ohun tó ṣe, tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2018, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn níbẹ̀ ní tó bá ti mú ẹ̀rí kalẹ̀, ìjọba ló máa fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Nílé wa ńbí náà, òfin NAPTIP ti 2015 ní bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má ti ẹni tí wọ́n kó mọ́lé, kí wọ́n má sì pè é lẹ́jọ́, nítorí ìwé ìrìnnà ayédèrú.

"Gbogbo ọ̀daràn náà á máa pe ara wọn ní ẹni tí wọ́n kó." Rárá. Òfin Gẹ̀ẹ́sì yọ ẹ̀ṣẹ̀ tó lé ní ọgọ́rùn-ún sílẹ̀: ìpànìyàn, ìjínigbé, ìdigunjalè, ìfipábánilòpọ̀. Èyí tó kù, kóòtù ló máa yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe ìwọ tó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tó ń tẹ fóònù.

Kí ló wá ń gbé wọn lọ sẹ́wọ̀n pẹ̀lú gbogbo òfin yìí? Irú èmi ni.

Lọ́dún 2019, ọmọ ìjọ wa kan pè mí láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá rẹ̀ ń ta àgbàdo lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti mú un pẹ̀lú ìwé orúkọ ẹlòmíì, èyí tí màdáámù rẹ̀ fún un kó lè máa bá a ṣiṣẹ́ kówó. Ó ń sunkún. Ó ní, "Dádì, kí ni kí n sọ?" Mo ní, "Ọmọ mi, jẹ́wọ́, Ọlọ́run aláàánú ni." Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ó sọ fún adájọ́ pé òun jẹ̀bi, ó parí síbẹ̀. Kò sí ìgbẹ́jọ́, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ẹni tó fún un níwèé. Ó ṣẹ̀wọ̀n. Màdáámù ò ṣe.

Mo da ìjẹ́wọ́ níwájú Ọlọ́run pọ̀ mọ́ gbígba ẹ̀bi níwájú adájọ́. Ọlọ́run mọ ẹni tó rán an níṣẹ́ kó tó lanu. Adájọ́ ò mọ̀ ọ́n bí kò bá sọ.

Kì í ṣe pásítọ̀ nìkan ló ń ṣi irú ìmọ̀ràn yìí fúnni o. Wọ́n bá àwọn ọmọ Vietnam méjì tí kò tíì pé ọdún 18 níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú igbó fún àwọn ọ̀gá wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2009. Àwọn lọ́yà wọn gan-an ló gbà wọ́n nímọ̀ràn kí wọ́n ní àwọn jẹ̀bi. Ọdún 2021 ni kóòtù ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù tó dá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ wọn. Ẹ ka iye ọdún yẹn.

Èyí tó ń dùn mí jù ni jíjókòó wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 16, ẹ̀mí inú ẹrúbìnrin yẹn ni Pọ́ọ̀lù bá wí, kò bá ọmọ náà jà. Àwọn ọ̀gá tó ń fi í pawó ló wọ́ Pọ́ọ̀lù lọ síwájú adájọ́. Lóde òní, irú àwọn ọ̀gá yẹn ń bọ̀ láti òkè òkun ní Disẹ́ńbà, wọ́n ń ra jẹnẹrétọ̀ fún wa, à ń pè wọ́n ní màmá ìjọ, à ń fún wọn ní àga iwájú. Ọmọ tí wọ́n lò tó sì padà wálé lófo, ẹ̀yìn pátápátá ló ń jókòó, tí àwọn obìnrin á máa fa ọmọ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Bí irú ìpè yẹn bá wọlé sórí fóònù yín, ẹ gbàdúrà, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó sọ "mo jẹ̀bi" tàbí "n ò jẹ̀bi" kó tó rí lọ́yà. Kó sọ gbogbo rẹ̀ fún lọ́yà náà: ẹni tó mú un lọ, gbèsè, páàsì, títí kan ojúbọ, bó tilẹ̀ ń tijú. Ní England àti Wales, Salvation Army ń tọ́jú àgbàlagbà tí wọ́n kó. Nílé, ẹ wá NAPTIP lọ.

Ọmọ yẹn ti jáde lẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì jẹ́ kó rí iṣẹ́ gidi ṣe. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ àti lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. A ti rí lọ́yà tó fẹ́ wo ọ̀rọ̀ náà bóyá ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ṣì ṣeé pè. Ọjọ́bọ̀ la máa jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bí wọ́n bá ní kí n kọ ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ yẹn sílẹ̀ kí n sì fọwọ́ sí i, màá kọ ọ́.