Àwo orin àkọ́kọ́ kì í ṣe ọjà gbàǹjo

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìdó-Ọ̀ṣun tẹ́ ẹ ń wọ mọ́tò lọ gba orin sílẹ̀ ní Òṣogbo, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó díẹ̀. Ẹgbẹ́ olórin kan wà ní Lomé, lórílẹ̀-èdè Tógò, Arka'n Asrafokor lorúkọ wọn. Heavy metal ni wọ́n ń kọ, orin gìtá oníná tí ariwo ẹ̀ máa ń pọ̀ débi pé etí ẹlòmíì ò ní í gbà á, tí akọrin á sì máa bú ramúramù. Àwọn ọmọ Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Black Sabbath, wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ọdún 1970 ni àwo àkọ́kọ́ tiwọn jáde. Àwọn ará Lomé yìí wá fi ìlù ìbílẹ̀ wọn sí i, wọ́n sì ń fi èdè Ewé kọ ọ́.

Ta ló máa ra irú orin bẹ́ẹ̀ ní Tógò? Ìbéèrè oníṣòwò nìyẹn, n ò sì bá ẹni tó bi í jà. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2019, wọ́n gbé àwo àkọ́kọ́ wọn, Zã Keli, jáde fúnra wọn, láìsí ilé iṣẹ́ agbórinjáde kankan lẹ́yìn wọn. Nígbà tó di 2024, ilé iṣẹ́ òkèèrè kan, Reigning Phoenix Music, ló gbé Dzikkuh jáde fún wọn. Lójú tèmi, ẹni tó ti ní àwo tiẹ̀ nílẹ̀ kì í jókòó bí alágbe níwájú ẹni tó fẹ́ bá a ṣòwò.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. I.K. Dairo, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, àti Haruna Ishola ni wọ́n jọ dá STAR Records sílẹ̀ lọ́dún 1969, kí olórin lè jẹ́ onílé iṣẹ́. Sunny Ade náà dá tiẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ohun tí mo ń rí báyìí ni pé olówó kan á ní òun máa san owó sítúdíò, òun máa ṣe fídíò, ọmọ á sì sáré tọwọ́ bọ̀wé. Ẹ ka ìwé náà dáadáa, ẹ ó rí i pé másítà, ìyẹn orin gan-an tí wọ́n gbà sílẹ̀, ti di ti olówó. Òfin kọpíráìtì ilẹ̀ wa ti ọdún 2022 dáàbò bo orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún 50 ọdún lẹ́yìn ọdún tó jáde. Ọmọ ogún ọdún tó bá ta gbogbo ẹ̀tọ́ náà lónìí á ti di ẹni àádọ́rin ọdún kó tó parí! Òfin yìí kan náà ló ní a ò lè gbé ẹ̀tọ́ náà fún ẹlòmíì láìkọ ọ́ sílẹ̀, èyí ló fi jẹ́ pé bírò yín gan-an ni wọ́n ń wá.

Olówó ò ṣẹ̀ o. Owó ẹ̀ gbọ́dọ̀ padà, kó sì jèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, ìṣákọ́lẹ̀ ló ń san, kì í gba ilẹ̀. Ẹ yá a ní orin náà fún ọdún márùn-ún, ẹ jọ pín èrè, kí másítà padà sílé.

Bó bá sì jẹ́ ẹgbẹ́ ni yín, ta ló ni orin: ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ ni, àbí onígìtá, àbí onílù? Ẹ kọ ìpín oníkálukú sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó san owó sítúdíò, kí gbogbo yín tọwọ́ bọ̀ ọ́, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì mú ẹ̀dà tiẹ̀ lọ sílé.