Ẹ̀sùn Lórí Àwọn Tó Fi David Moyes Ṣe Yẹ̀yẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó gbọ́ ẹjọ́ yìí, àwọn olùjẹ́jọ́ kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Alátìlẹyìn Liverpool wà nínú wọn, ti Everton wà níbẹ̀, ti Manchester City náà kò gbẹ́yìn. Ohun tí wọ́n fojú Manchester United àti akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ tuntun, David Moyes, rí ní sáà 2013 sí 2014 ni mo gbé wá síwájú yín. Wọ́n á ní eré lásán ni. Ẹ gbọ́ ọ tán ná.

Ẹ̀sùn kìíní: wọ́n jẹ́rìí èké. Alex Ferguson, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ṣáájú Moyes, lo ọdún 26 ní Old Trafford, pápá United, ó gba ife líìgì 13, ó sì fẹ̀yìn tì ní oṣù Karùn-ún 2013. David Gill, ọ̀gá àgbà tó ń rí sí owó àti àdéhùn, bá a lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Paul Scholes ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, Ryan Giggs ń sún mọ́ ọmọ 40 ọdún, Rio Ferdinand àti Nemanja Vidić ti dàgbà kọjá eré àárọ̀ wọn. Moyes ra agbábọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tó lórúkọ nígbà náà, Marouane Fellaini, ọjọ́ tí ọjà ń tì gan-an ni wọ́n sì tó rà á. Ilé tí òpó rẹ̀ ti ń jẹrà ni wọ́n kó fún un. Nígbà tí United wá parí sáà náà ní ipò keje pẹ̀lú pọ́ìntì 64, lẹ́yìn 89 tí wọ́n gbà lọ́dún tó ṣáájú, orúkọ ẹnì kan péré ni àwọn olùjẹ́jọ́ ń pè. Wọn kò sọ pé ọkùnrin yìí gbé ẹgbẹ́ náà dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kù nínú Champions League kí Bayern Munich tó dá wọn padà. Wọ́n mọ̀, wọ́n fi pamọ́ ni.

Ẹ̀sùn kejì ló wúwo sí mi jù, nítorí ìwà àìmoore ni. Oṣù Kẹta 2002 ni Moyes dé Everton, nígbà tí ẹgbẹ́ náà ń sá fún àtijábọ́ kúrò ní Premier League. Ọdún 11 ló lò níbẹ̀. Ó gbé wọn dé ipò kẹrin ní 2005, ó gbé wọn dé àṣekágbá FA Cup ní 2009, owó tó ná kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn olówó. Nígbà tó ń lọ ní oṣù Karùn-ún 2013, gbogbo Goodison Park dìde dúró, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Kò tíì pé ọdún kan tó fi padà wá ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin 2014. Ọkùnrin kan gbé ẹ̀wù dúdú àti ìbòjú Ikú wọ̀, ó gbé dòjé gígùn lọ́wọ́, ó wá dúró sẹ́yìn ìjókòó Moyes, ó ń na dòjé náà sí i. Àwọn tó yí i ká ń rẹ́rìn-ín. Leighton Baines gba pẹnáritì wọlé, Kevin Mirallas fi ọ̀kan kún un, 2 sí 0. Moyes ló ra Baines, òun náà ló ra Mirallas. Ní ọjọ́ 22 oṣù náà, United lé e kúrò. Ẹni tó tún ilé wọn ṣe ni wọ́n fi Ikú kí káàbọ̀.

Ẹ̀sùn kẹta: wọ́n di ààbò ẹlẹ́bi gidi. Ní 2005, ìdílé Glazer yá owó ra Manchester United, wọ́n sì gbé gbèsè náà lé ẹgbẹ́ tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè tẹ́lẹ̀ lórí. Ta ló kọrin nípa ìyẹn nínú àwọn alátakò? Orin tiwọn ni pé kí wọ́n má ṣe lé Moyes, kí ìyà lè máa jẹ United lọ. Wọ́n lé e tán, àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá mìíràn tẹ̀lé e: Van Gaal dé, Mourinho dé, Solskjaer dé, ten Hag dé, ife líìgì kò sì tún wọ Old Trafford mọ́ láti 2013. Gbogbo ẹ̀rín yẹn, orí alágbàṣe ló ń dà sí, àwọn tó ni ẹgbẹ́ sì ń bá ọ̀nà wọn lọ.

Ẹ̀sùn kẹrin kan àwa ará ilé. Moyes ló mú Joseph Yobo dé Everton, òun ló ra Yakubu Aiyegbeni, ọmọ Nàìjíríà ni àwọn méjèèjì, ẹ̀yìn wọn la sì wà nígbà náà. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta 2014, Liverpool na United ní 3 sí 0 ní Old Trafford, pẹnáritì méjì láti ẹsẹ̀ Gerrard, ọ̀kan láti ẹsẹ̀ Suárez. Mo wà ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan n'Íbàdàn lọ́jọ́ náà. Ẹnì kan tó wọ jẹ́sì Liverpool dìde, ó na fóònù rẹ̀ sójú bàbá kan, alátìlẹyìn United, tó mú ọmọ rẹ̀ wá. Àwòrán Moyes tí ojú rẹ̀ yọ síta ló wà níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ káàkiri lórí BBM. Ó ní, "Bàbá ẹ rèé." Nígbà tí bàbá náà kò dá a lóhùn, ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó fi han ọmọ. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Bọ́ọ̀lù ti tán lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹni tó wọ jẹ́sì Liverpool náà kò wo ibẹ̀ mọ́. Ìtìjú bàbá níwájú ọmọ ló sanwó wá wò.

Ẹ̀sùn karùn-ún kọjá ti Moyes: wọn kò dá òkú sí. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì 1958, bàálù tó gbé United já ní Munich, ènìyàn 23 kú, mẹ́jọ nínú wọn jẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Títí dòní, nígbà tí United bá ń jìyà lórí pápá, àwọn alátakò kan máa ń na apá méjèèjì bí ìyẹ́ bàálù, wọn a máa mì í sọ́tùn-ún sósì. Mi ò yọ alátìlẹyìn United sílẹ̀ nínú ẹ̀sùn yìí. Àwọn náà ti fi Hillsborough ṣe orin, níbi tí èrò ti tẹ àwọn ará Liverpool pa ní 1989, tí ẹni 97 bá a lọ. Ní oṣù Kẹta 2023, Jürgen Klopp, akọ́nimọ̀ọ́gbá Liverpool nígbà náà, àti Erik ten Hag ti United pa ohùn pọ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jáwọ́. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní àṣekágbá FA Cup ní Wembley, ọkùnrin kan wọ jẹ́sì United tí wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé 97 kò tó. Ilé ẹjọ́ ní kó san £1,000, wọ́n sì lé e kúrò ní pápá bọ́ọ̀lù fún ọdún mẹ́rin. Òun gbà pé òun jẹ̀bi. Àwọn yòókù ṣì ń sọ pé eré ni.