Wúrà, Àìkú, àti Ọmọ Tí Kò Ní Orúkọ

Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn ọlọ́gbọ́n kan ní ilẹ̀ Yúróòpù fi wá ohun méjì: òkúta tí yóò sọ òjé di wúrà, àti oògùn tí ènìyàn yóò mu tí kì yóò fi kú mọ́. Kò sí ẹni tí ó rí ọ̀kan nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìwákiri náà bí ìtàn, méjì nínú àwọn ìtàn náà sì ti inú ilé kan ṣoṣo jáde: baba kọ ọ̀kan, ọmọ kọ èkejì. Mo fi wọ́n síwájú ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú wa, nítorí ọ̀rọ̀ inú wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ wúrà. Ọ̀rọ̀ òbí àti ọmọ ni.

William Godwin, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni baba náà. Ní ọdún 1797 ni aya rẹ̀, Mary Wollstonecraft, ẹni tí ó fi kálàmù jà fún ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin, bí ọmọbìnrin kan fún un. Kò sì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìyá ọmọ fi kú. Ní 1799 Godwin tẹ ìwé St. Leon jáde. Nínú rẹ̀, ọlọ́lá kan gba àṣírí wúrà àti ti àìkú lọ́wọ́ àlejò kan, pẹ̀lú àdéhùn pé kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àní fún aya rẹ̀ pàápàá. Àṣírí náà tú ilé rẹ̀ ká: ọmọkùnrin rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀, aya rẹ̀ kú, òun nìkan ni ó kù pẹ̀lú owó àti ọjọ́ tí kò lópin.

Ọmọ aláìníyàá yìí ni Mary Shelley. Ní 1814, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16, ó bá akéwì Percy Shelley lọ, ẹni tí ó ti ní aya nílé. Baba rẹ̀ kọ̀ láti rí i títí wọn fi ṣe ìgbéyàwó ní 1816. Síbẹ̀ kò dẹ́kun láti máa béèrè owó lọ́wọ́ ọkọ náà. Ní 1815 ni àkọ́bí Mary kú ní ọmọ ọwọ́. Ní 1816 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ Frankenstein. Ìwé náà jáde ní 1818, ó sì fi í júbà baba rẹ̀.

Victor, akọni ìtàn náà, ka ìwé àwọn awòòjé-di-wúrà ní èwe. Baba rẹ̀ wí pé ohun asán ni, ṣùgbọ́n kò sọ ìdí rẹ̀ fún un. Nígbà tí Victor dàgbà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ẹ̀dá alààyè kan. Bí ẹ̀dá náà ti la ojú, ẹlẹ́dàá rẹ̀ sá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn wí pé ẹ̀kọ́ ìwé náà ni kí a má ṣe wádìí ohun tí Ọlọ́run fi pamọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ Victor. Sísá tí ó sá ni. Lọ́dọ̀ wa, a kì í jẹ́ kí ọjọ́ kẹjọ kọjá kí ọmọ má ní orúkọ. Ẹ̀dá yìí kò ní orúkọ láti ojú ewé kìíní títí dé ìkẹyìn, títí àwọn ènìyàn fi ń fi orúkọ ẹni tí ó kọ̀ ọ́ pè é. Ó wá ará, kò rí. Lẹ́yìn náà ni ó di apànìyàn. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ẹnìkan lè wí pé ìgbésí ayé òǹkọ̀wé kì í ṣe ìwé rẹ̀. Òótọ́ ni: Godwin kò rí wúrà, Mary kò hú òkú. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nílé ni a fi ń se oúnjẹ. Aya tí ó kú wà nínú ìwé baba. Ọmọ tí a kọ̀ wà nínú ìwé ọmọ.

Síbẹ̀ Mary kò kọ baba rẹ̀. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kú ní 1851, ọmọkùnrin rẹ̀ àti aya ọmọ náà gbé egungun Godwin àti Wollstonecraft kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì sin wọ́n pẹ̀lú rẹ̀ ní Bournemouth. Ẹni ọmọ sin ni ó bímọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọrọ̀ jọ fún àwọn ọmọ yín, ẹ bi ara yín bí àwọn ọmọ náà bá mọ ohùn yín. Nígbà tí ẹ bá sì ka nǹkan léèwọ̀ fún wọn, ẹ jókòó, kí ẹ sọ ìdí rẹ̀.